Orin, Ìlù àti Iṣẹ́ Ọnà fún Àwọn Tí Ó Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Ọtí àti Oògùn Olóró

Àsọyé tí a sọ fún ìjọ àti àwọn àlejò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní àkókò àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún

  Ìjọ tí ó bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó tọ́ kí ó yọ̀, ó sì tọ́ kí ó ka àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ó bá sì ń kà wọ́n, ó tọ́ kí ó béèrè àwọn tí ìjókòó wọn ṣófo.

Nípa díẹ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí: àwọn ọmọ wa, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún, tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́ sílẹ̀. N kò wá bá wọn wí; ìbáwí tí wọ́n ti gbà ti tó wọn. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín kò ju ẹyọ kan lọ, òun náà ni pé ẹni tí ó ń kọ oògùn sílẹ̀ nílò dókítà, ó sì nílò ẹgbẹ́ tí yóò máa bá ṣe nǹkan pọ̀. Orin, ìlù, ijó, àwòrán yíyà àti igi gbígbẹ́ wà lára àwọn ọ̀nà tí ó dára jù láti fi dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wọn ni ó wà ní ìlú wa. Ilẹ̀kùn ni a kò tíì ṣí.

Gbogbo wa ni ó mọ ìtàn Sọ́ọ̀lù ọba. Nígbà tí ẹ̀mí búburú bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, a ó pe Dáfídì, yóò ta dùùrù, ara yóò sì tu ọba. Ìtàn náà fi hàn pé àwọn àgbà ìgbà nì mọ agbára orin. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan: Dáfídì ni ó ń ta dùùrù, ọba jókòó, ó ń gbọ́. Ìtura náà kò pẹ́. Ọba kan náà ni ó gbé ọ̀kọ̀ sọ olórin rẹ̀. Ipò ẹni tí à ń kọrin fún yàtọ̀ sí ipò ẹni tí ń kọrin. Nínú ìtọ́jú tí mo ń sọ yìí, ọwọ́ ẹni tí ara ń ni gan-an ni a ó gbé dùùrù náà lé.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á mọ bí ọ̀ràn náà ti tó. Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2018 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi hàn pé tó mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ẹni ọdún 15 sí ẹni ọdún 64, ni ó lo oògùn olóró láàrin ọdún kan ṣoṣo. A kò ka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Nínú ènìyàn márùn-ún tí ó lò ó, ọ̀kan ti bọ́ sínú wàhálà tí ó nílò ìtọ́jú. Igbó ni ó pọ̀ jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn oògùn apàrora bíi tramadol, àti oògùn ikọ́ olómi tí ó ní kódíìnì nínú, èyí tí ìjọba fi òfin dè ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 náà. Nínú gbogbo ẹkùn orílẹ̀-èdè yìí, ẹkùn Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn tiwa ni ó ga jù: 22 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ má sì jẹ́ kí á fi gbogbo ìka tọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ Ìlá ni wá. A mọ ẹmu, ẹmu wa sì lókìkí. Iṣẹ́ adẹ́mu jẹ́ iṣẹ́ ọmọlúàbí tí ó ti rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé-ìwé. N kò sọ̀rọ̀ òdì sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dìde lórí ibùsùn rẹ̀ láìkọ́kọ́ mu ún, yálà ẹmu ni, tàbí ògógóró, tàbí ọtí inú ìgò tí ó wọ́n lówó, ìdè kan náà ni ó wà lára rẹ̀ àti ọmọdé tí ó ń fa igbó lẹ́yìn ọjà. Àgbà tí ó ń mutí nínú yàrá kò sàn ju ọmọ tí ó ń mu ún ní gbangba lọ. Ògiri nìkan ni ó bò ó.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á lọ sí Abẹ́òkúta, nítorí ibẹ̀ ni àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa wà. Ní ọdún 1944, a sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Láńtòrò di ibi ìtọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú, pàápàá àwọn ọmọ ogun tí ó ń ti ojú Ogun Àgbáyé Kejì bọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ará Jámánì kan, Ulli Beier, tí ó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ lábẹ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé àti ọ̀dà lọ bá àwọn aláìsàn ibẹ̀ kí wọ́n lè máa ya àwòrán. Àwọn tí ayé ti rò pé kò sí ohun tí wọ́n lè sọ mọ́, wọ́n fi ọ̀dà sọ ọ́. Ní ọdún 1982 ni ó tẹ àwòrán wọn jáde nínú ìwé. Beier yìí kan náà ni ó bá Dúró Ládípọ̀ àti àwọn mìíràn ṣe iṣẹ́ Mbari Mbayo ní Òṣogbo ní ọdún 1962, èyí tí ó sọ orúkọ Òṣogbo di ńlá lágbàáyé. Kí ayé tó gbọ́ nípa àwọn ayàwòrán Òṣogbo, àwọn aláìsàn Láńtòrò ti mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró. Ilé ìwòsàn kò tíì parí. Ó lọ bá àwọn baálé abúlé tí ó yí i ká, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, olúkúlùkù pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan. Lọ́sàn-án wọn a lọ gba ìtọ́jú; nírọ̀lẹ́ wọn a padà sí abúlé, wọn a bá ará ibẹ̀ jẹun, wọn a bá wọn ṣe iṣẹ́ àti eré. Ijó àti àjọ̀dún abúlé di ara ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni Lambo kò ta àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ nù. Ọgbọ́n yìí ni ayé wá kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà gbogbo péjọ sí Abẹ́òkúta. Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn ìgbà náà.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo àwọn aláìsàn ìgbà náà ni oògùn olóró bà jẹ́. Ṣùgbọ́n láti ilé ìwòsàn Aró yìí ni ìkìlọ̀ nípa oògùn náà ti jáde. Dókítà Tolani Asuni kọ̀wé nípa igbó àti wàhálà rẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní ọdún 1964, Lambo sì kọ tirẹ̀ nípa bárakú oògùn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1965. Títí di òní, Aró ní ẹ̀ka pàtàkì fún àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Ẹ̀kọ́ tí abúlé Aró kọ́ wa kò yí padà: ẹni tí a yà sọ́tọ̀ kúrò láàrin ènìyàn, àárín ènìyàn náà ni yóò ti rí ara rẹ̀ padà.

Báwo ni orin tàbí igi gbígbẹ́ ṣe lè ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Ẹ jẹ́ kí á wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni ìlù. Nínú agbo ìlù, ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, omele ń dáhùn, olúkúlùkù sì ní ipò tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá sáré, agbo dàrú; bí ẹnì kan bá dákẹ́, àyè rẹ̀ ṣófo, gbogbo etí sì mọ̀ ọ́n. Oògùn olóró ti kọ́ ọmọ yìí láti máa wá adùn tirẹ̀ nìkan, ní ìṣẹ́jú yìí gan-an. Ìlù kọ́ ọ láti dúró de ìgbà tirẹ̀, kí ó gbọ́ ti ẹlòmíràn kí ó tó lu tirẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti nílò rẹ̀ fún nǹkan kan. Nínú agbo yìí, bí kò bá wá, ìlù kò pé.

Èkejì ni orin. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí ó lọ sí Lọ́ńdọ́nù ní ọdún 1922 láti gba orin rẹ̀ sílẹ̀ sínú àwo, mọ̀ pé orin tí a kọ ní ohùn ilẹ̀ wa ni ó lè mú ẹni tí kò mọ̀wé lẹ́nu ṣiṣẹ́. Nínú orin wa, ẹnì kan ń lé, àwọn yòókù ń gbè. Ẹni tí ojú ń tì kò ní láti lé orin ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Gbígbè tó fún un. Lára ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò fara pamọ́ sí, títí tí ohùn tirẹ̀ yóò fi yọ. Ìfẹ́ oògùn a sì máa dé bí ìgbì: a ru sókè, a pọ̀, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ a rọlẹ̀ bí a kò bá fún un ní ohun tí ó ń béèrè. Ẹni tí ó wà láàrin akọrin ní wákàtí náà ní ohun tí yóò fi ẹnu àti ẹ̀mí rẹ̀ ṣe títí ìgbì náà yóò fi kọjá.

Ẹ̀kẹta ni àwòrán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn tí ahọ́n kò lè gbé. Bí a bá ní kí wọ́n sọ̀rọ̀, wọn a dákẹ́, tàbí kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀ pé a fẹ́ gbọ́. Ẹ fún wọn ní ìwé àti ọ̀dà, ẹ ní kí olúkúlùkù ya ojú ọ̀nà ilé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá parí, ẹni tí ó bá fẹ́ lè sọ ohun tí ó yà. Ẹni tí kò bá fẹ́ lè ká tirẹ̀. Olùdarí kò gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé èyí dára, èyí kò dára. Ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ni. A kò fún ẹnikẹ́ni ní máàkì.

Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ tí ìlú wa fi lókìkí, èyíinì ni igi gbígbẹ́. Ìlá yìí ni a bí Làmídì Fákẹ́yẹ sí, ìdílé agbẹ́gilére ni ó sì ti jáde. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní òpin àwọn ọdún 1940, ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Àreògún, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ sí. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún ilé ìjọsìn àwọn Kristẹni. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ títí ó fi dàgbà, ó sì fi ayé sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2009.

Àwọn agbẹ́gilére wọ̀nyí máa ń pín iṣẹ́ sí ìpele mẹ́rin. Ọnà lílé ni wọ́n ń pe àkọ́kọ́, nígbà tí àáké bá gé igi sí ìrísí tí kò tíì ní ojú. Alétúnlé tẹ̀ lé e, nígbà tí orí, apá àti ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Lẹ́yìn náà ni dídán, nígbà tí ara ère ń jọ̀lọ̀. Ìkẹyìn ni fínfín, nígbà tí ọ̀bẹ ń kọ ilà àti irun sí i. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń wá fínfín nígbà tí ọnà lílé kò tíì parí. Ọmọ kò mutí fún oṣù kan, a ti fẹ́ kí ó níyàwó, kí ó san gbèsè, kí ó dúró níwájú ìjọ kí ó jẹ́rìí. A ò rí ojú rẹ̀, a wí pé igi náà kò dára. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ igi mọ̀ pé ìpele kò ṣe é fò. Nígbà tí ó bá sì parí ère kékeré kan, bí ó tilẹ̀ wọ́, ó di ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ nǹkan tí ó sì parí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọdún púpọ̀ ti kọjá tí kò tíì lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ohunkóhun.

Ó yẹ kí a bi mí pé, ẹ̀rí wo ni ó wà? Ní ọdún 2022, àwọn amòye ẹgbẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé ìdánwò ìṣègùn gbogbo ayé lé orí òṣùwọ̀n, kó ìdánwò 21 jọ nípa ìtọ́jú pẹ̀lú orin fún àwọn tí oògùn tàbí ọtí di bárakú fún. Ènìyàn 1,984 ni ó wà nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé nígbà tí a bá fi orin kún ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn ń fúnni, ìfẹ́ oògùn a máa dínkù, pàápàá bí a bá ń ṣe é fún oṣù kan sí mẹ́ta. Ìfẹ́ láti yí padà a sì máa pọ̀ sí i. Wọn kò rí ẹ̀rí pé ó mú ìbànújẹ́ ọkàn kúrò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan há etí nínú èyí: wọ́n fi orin kún ìtọ́jú ni, wọn kò fi rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, dókítà ni ó ṣáájú. Ẹni tí ó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, bí ó bá dá a dúró lójijì láìsí olùtọ́jú, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Àánú wa kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àánú òpè. Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀ka ìlera ọpọlọ. Kí a kọ́kọ́ mú ọmọ lọ síbẹ̀, kí a má ṣe dè é ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kí a má sì fi ebi pa á ní orúkọ ààwẹ̀ tí òun kò gbà. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú tí ó níyì. Lẹ́yìn tí ó bá ti ibẹ̀ dé ni iṣẹ́ tiwa bẹ̀rẹ̀, nítorí ilé ìwòsàn kò lè fún un ní ọ̀rẹ́ tuntun. Àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ sì ń dúró dè é ní ìkóríta.

Ohun mìíràn tún wà. Orin kan náà tí ń wonisàn lè múni padà. Ilé ọtí kò sí láìsí orin. Àwọn orin kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n ti ń dún, ọ̀fun ẹni náà ti ń gbẹ. Kí olùdarí béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù orin tí kò gbọ́dọ̀ gbọ́, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní sí ìjọ nìyí. Ẹ fún wa ní gbọ̀ngàn yìí ní ìrọ̀lẹ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀. Kí onílù kan wá, kí agbẹ́gilére kan wá, kí ọ̀kan nínú àwọn olórí akọrin wá, kí nọ́ọ̀sì kan wà nítòsí. Kí ẹgbẹ́ náà má ju ènìyàn méjìlá lọ, kí olúkúlùkù lè ní ipò. Kí a má lo ọ̀bẹ àti àáké títí olùtọ́jú yóò fi sọ pé ó yá. Amọ̀ dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá ti mutí wá ní ọjọ́ náà padà lọ sílé ní pẹ̀lẹ́tù, kí a sì sọ fún un pé a ń retí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ohun tí a bá sọ nínú yàrá náà, kí ó dúró síbẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má ṣe pè wọ́n síwájú pẹpẹ láti fi wọ́n hàn fún àwọn àlejò. Ẹ má ṣe kọ orúkọ wọn sí ara ère wọn láìjẹ́ pé wọ́n ní kí ẹ kọ ọ́. A fẹ́ràn ẹ̀rí ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí a pàtẹ́wọ́ fún lónìí, bí ó bá ṣubú ní ọ̀la, kò ní lè gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé mọ́. Ìṣubú sì wọ́pọ̀ nínú àìsàn yìí. Kì í ṣe òpin, alétúnlé ni.

Ẹ̀bẹ̀ ìkẹyìn kan àjọ̀dún yìí gan-an. Ní ọjọ́ àsè, bí a bá ti ń pín ohun mímu, kí omi tútù àti ohun mímu aláìlọ́tí wà ní tábìlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ìdí tí kò fi mu ìyókù. Ohun kékeré ni lójú wa. Lójú ẹni tí ó ka ọjọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ni yóò sọ bóyá ó lè bá wa jókòó.

Àwọn baba wa wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A ti kọ́ ilé. Ẹ wo bí ó ti lẹ́wà tó. Ìlù wà nínú rẹ̀, orin wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ agbẹ́gilére sì wà láàrin wa. Mo bẹ̀ yín, kí ìjókòó tí ó ṣófo má ṣófo títí di ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn.